Ọ̀tún Méjì Ni Kòdúró Ń Fẹ́

Gbàù! Gbàù!

Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, yà fún mi. Àwọn tó ń wọn kòkó níwájú sítọ́ọ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún fi òṣùwọ̀n sílẹ̀, wọ́n fi bàtà sílẹ̀. Ọkùnrin kan tilẹ̀ fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, títí di òní ni wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Oòrùn ò sì tíì gun òrùlé o! Olè ayé àtijọ́ a máa dúró de òru, bí ẹni tójú ń tì. Ti Sámúẹ́lì Kòdúró yàtọ̀. Àárọ̀ ni tirẹ̀, nígbà tí ẹ̀kọ gbígbóná ṣì wà lẹ́nu ọmọ ènìyàn.

Ó dúró sórí àpò kòkó, ìbọn lọ́wọ́, oǹdè oògùn ńlá nídìí.

"Ẹ dojú bolẹ̀! Sé ẹ ò mọ̀ mí ni? Kòdúró ni mí! Ẹ bi afẹ́fẹ́ léèrè, ó mọ̀ mí!"

"Sé" ló wí o, kì í ṣe "ṣé". Ibi tí wọ́n ti ń pe iṣu ní isu ni wọ́n ti bí i. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀, ẹnu tí Ọlọ́run fún kálukú ló fi ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sétí kan, torí òun ló máa kó bá ọ̀gá níkẹyìn.

Òdìkejì títì, lábẹ́ tábìlì kan láàárín àwọn ẹ̀yà ara mọ́tò àlòkù, ni Dàda sùn gbalaja sí. Ó fi ọwọ́ bo orí, ó fi ojú kan yọ wo ìta.

Ẹ má bínú sí Dàda. Ọkùnrin náà mọ ọjà tà, ẹnu rẹ̀ dùn, kò kàn sí ìjà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Gbogbo Ìlá ló sì mọ òwe tó bá orúkọ rẹ̀ wá sáyé: Dàda ò lè jà, ó ní àbúrò tó gbójú.

Fùùùùù!

Mọ́tò pupa kan bẹ́ jáde láti ẹ̀gbẹ́ sítọ́ọ̀. Ó kúrú nílẹ̀, imú rẹ̀ gùn, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Mùstàfá, dírébà Kòdúró, ló wà nídìí ọkọ̀. Kòdúró ju àpò owó àwọn oníkòkó sínú rẹ̀, òun náà tẹ̀ lé e.

Kò sẹ́ni tí kò mọ mọ́tò náà. Ti Bàbá Adébóyè ni, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìlú òyìnbó ló ti gbé e bọ̀ nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Mọ́tò eré ìje ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó pàápàá ò ṣe mọ́. Bàbá a máa fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, ìyàwó rẹ̀ ò gbọdọ̀ jẹ àkàrà nínú rẹ̀. Lẹ́nu géètì bàbá ni Kòdúró ti fi ìbọn gbà á. Láti ìgbà náà, kò sí ọkọ̀ ọlọ́pàá kankan tó lè bá a.

Báwo ni wọ́n ṣe máa bá a? Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣì ń rá kòrò nígbà yẹn, epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, ọkọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá sì nìyí, wọ́n ń tì í lẹ́yìn!

"Ẹ tì í! Ẹ tún tì í!" Sájẹ́ńtì Abọ́sẹ̀dé ló ń pàṣẹ.

Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀... púù!

Abọ́sẹ̀dé yìí ni àbúrò tó gbójú. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ìyá wọn nà án títí nígbà tó wà ní kékeré kó lè fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, ìyá ló kọ́kọ́ rẹ̀.

Mọ́tò pupa dé oríta. Ewúrẹ́ kan ń sọdá. Kííííí! Èéfín dúdú yọ lára táyà iwájú lápá òsì, ewúrẹ́ fò, mọ́tò náà sì lọ ráúráú. Abọ́sẹ̀dé rí èéfín yẹn. Dàda náà rí i láti abẹ́ tábìlì.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọlọ́pàá fi máa dáhùn, eruku ọyẹ́ ti rọlẹ̀ sí títì.

*

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni àwọn ọkùnrin méjì wọ ṣọ́ọ̀bù Dàda. Ọ̀gá wọ kóòtù, ó de táì, bí ẹni tó ń lọ yá owó ní báńkì. Èkejì gbé àpò sìmẹ́ǹtì dání, ó sì ń wo ẹ̀yìn wò.

Ọ̀gá kí i dáadáa. Ó ní àwọn ń wá àbúrò irin kan. Mùstàfá tú àpò, ó sì gbé irin náà sórí tábìlì: kálípà bíréèkì ni, irin tó máa ń di páànù ẹsẹ̀ mọ́tò mú bí àkàn ṣe ń dini níka.

Dàda fi èékánná ha ẹrẹ̀ ara rẹ̀. Ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀. Inú rẹ̀ ti gan pa, páàdì rẹ̀ ti jẹ tán, irin ló ń fi ha irin. Ibẹ̀ gan-an ni èéfín àárọ̀ ti ń jáde.

Mọ́tò kan ṣoṣo ló ń lo irú irin yìí ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà. Àwọn olè àárọ̀ ló dúró níwájú rẹ̀ yìí, kóòtù ni ò jẹ́ kó dá wọn mọ̀!

Ẹ̀rù ní kó sá. Ọjà ní kó jókòó.

Ọjà ló borí. Ẹ máa rántí pé láti ìgbà tí mọ́tò dókítà òyìnbó kan, ìkejì ti Bàbá Adébóyè, ti forí sọ ìrókò lọ́nà Ọ̀rà, ni Dàda ti ra òkú rẹ̀. Ó ti ta àga rẹ̀ fún onígbàjámọ̀, ó ti ta gíláàsì rẹ̀. Kálípà rẹ̀ méjèèjì ló kù sí i lọ́rùn, wọ́n so rọ̀ lára ògiri, aláǹtakùn ń bímọ sí wọn. Abọ́sẹ̀dé ló sọ wọ́n ní àkàn méjì. Ó ti búra pé lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun bá rí ẹni ra àkàn yẹn, òun á jó nínú yúnífọ́ọ̀mù.

Dàda nu wọ́n, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í polówó. Ó ní àlòkù tó ju tuntun lọ ni, dókítà ló lò ó, ẹni jẹ́jẹ́.

"Eléyìí tẹ́ ẹ mú wá, òsì ni," ó wí. "Mo ní òsì, mo sì ní ọ̀tún. Òsì lẹ máa—"

Kòdúró fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò. Ìbọn ti dé ọwọ́ rẹ̀.

"Ta ló dárúkọ nǹkan yẹn? N kì í gbà á, n kì í fọwọ́ kàn án, kì í sí lára ohun tí mo bá ń gùn. Èèwọ̀ oǹdè mi ni. Òun nìkan ló lè mú mi láyé. Ọ̀tún ni kó o fún mi."

Dàda gbìyànjú àtisọ òótọ́. "Ọ̀gá mi, ẹ dákun, ibi tó ti bàjẹ́ yìí, ọ̀tún ò lè—"

Kẹ̀ẹ́! Kòdúró ti fa ẹnu ìbọn.

"Ọ̀tún," ó wí.

"Ọ̀tún náà ni," ni Dàda dáhùn. "Ta ló ní kì í ṣe ọ̀tún?"

Mùstàfá wo Dàda, Dàda wo Mùstàfá. Àwọn méjèèjì ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kálípà kọ̀ọ̀kan ní ọmú kékeré kan tí wọ́n fi ń tú afẹ́fẹ́ kúrò nínú òróró bíréèkì. Òkè ni ọmú yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí, torí òkè ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Bí o bá de ti ọ̀tún mọ́ apá òsì, á wọlé, á di, ẹwà rẹ̀ á sì pé. Ṣùgbọ́n ọmú á dojú kọlẹ̀, afẹ́fẹ́ á há sókè. Bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú bíréèkì, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kàn ń fi ẹsẹ̀ ṣe eré ìmárale ni.

Inú Dàda wá ń dùn díẹ̀díẹ̀. Ó ti sọ òótọ́, wọ́n ní àwọn ò gbọ́. Ó ti tajà. Kí wọ́n máa lọ, kí àbúrò rẹ̀ lọ kó wọn.

"Kó sípánà rẹ," Kòdúró wí. "Ò ń bá wa lọ. Lọ́nà Òkè-Ìlá ni mọ́tò wà."

Inú dídùn náà pòórá.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, Dàda dúró níwájú Bernice tó ń ta kẹrosíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rọra ní kó bá òun sọ fún àbúrò òun pé òun ti ta àkàn kan, ìkejì ló wà lórí tábìlì yẹn, ọ̀nà Òkè-Ìlá lẹni tó rà á ń gbà, kó máa bọ̀ wá jó bó ṣe búra. Kòdúró bi í pé ijó kí ni. Dàda ní ijó ayọ̀ ni, pé ọjà ti pẹ́ lórí àtẹ. Irọ́ kọ́ sì ni.

*

Inú igbó kòkó kan ni wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo mọ́tò pupa sí. Mùstàfá fi jáàkì gbé e, ó de ọ̀tún mọ́ òsì. Ó tú ọmú, ó ní kí Dàda tẹ bíréèkì. Òróró ń sun jáde nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ jókòó sókè bí onílé.

"Ẹ̀gbọ́n, kò lè jáde láé," Mùstàfá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Sọ fún ọ̀gá rẹ."

"Ẹ̀yin ẹ sọ fún un."

Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Kòdúró ní kí wọ́n dán an wò. Mùstàfá wa mọ́tò náà jẹ́jẹ́ lọ síwájú, ó tẹ bíréèkì léraléra, fọ̀, fọ̀, fọ̀, fọ̀, ó sì dúró. Bí kẹ̀kẹ́ ọmọdé bá ń rìn bẹ́ẹ̀ náà, á dúró. Bíréèkì ọwọ́ ńkọ́? Kòdúró ti fà á já sọnù lọ́jọ́ kìíní. Ó ní kí ni ẹni tí kì í dúró fẹ́ fi í ṣe.

Dàda ti ń kó sípánà rẹ̀, ó ń wúre fún wọn, ó ní kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wọn lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lọ́nà ilé.

"Wọlé," Kòdúró wí.

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní síṣí."

"Ọjà rẹ dáa àbí kò dáa?"

"Ó dáa, sà."

"Wọlé bá wa gùn ún. A ń lọ kí àwọn oníkòkó Òkè-Ìlá."

Bí wọ́n ṣe ki Dàda sẹ́yìn mọ́tò nìyẹn, níbi tí kò yẹ kí ènìyàn jókòó sí, eékún rẹ̀ kan etí. Ó wò ó sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì. Bó bá pariwo pé bíréèkì ò sí, ìbọn. Bó bá dákẹ́, òkúta. Àárọ̀ yìí náà ló ń bú ìyàwó rẹ̀ pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀. Bó bá tún rí ọbẹ̀ yẹn láyé, á pọ́n ìkòkò lá.

Kòdúró fọwọ́ pa oǹdè rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀. "A kì í dá odò dúró. A kì í dá òjìji dúró. A kì í dá afẹ́fẹ́ dúró."

Dàda ò ṣe àṣẹ. Afẹ́fẹ́ gan-an ló ń bà á lẹ́rù.

Fùùùùù!

Wọ́n já sí títì, wọ́n gun òkè. Ní téńté òkè ni wọ́n ti rí ọkọ̀ ọlọ́pàá, pẹ̀lú igi ńlá tí wọ́n fi dí ọ̀nà. Àwọn ọdẹ ìlú tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mùstàfá ń tẹ bíréèkì, fọ̀, fọ̀, fọ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀! Sájẹ́ńtì Abọ́sẹ̀dé na ọwọ́ sí àwọn ọdẹ, àwọn ọdẹ yí igi kúrò lọ́nà. Ó wá fi ọwọ́ òsì júwe fún mọ́tò pupa pé kó máa kọjá, bí ẹni tó ń darí ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Kòdúró yára dijú kó má baà rí ọwọ́ náà.

"Wọ́n ń sá!" ó kígbe. "Ẹ ò rí i? Oǹdè Kòdúró!"

Ó yọrí sójú fèrèsé, ó yìnbọn. Gbàù! Gbàù! Wọ́n dá a lóhùn láti ẹ̀yìn. Kààà! Kọkọkọ! Gíláàsì ẹ̀yìn fọ́ lé Dàda lórí.

"Tẹ iná mọ́ ọn!"

Mùstàfá tẹ iná mọ́ ọn. Ọ̀nà sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ òkè náà. Títì ṣẹ́ kọ̀rọ̀ bí apá ẹni tó ká a. Lọ́wọ́ ọ̀tún ni kòtò jíjìn wà, àpáta ló kún inú rẹ̀. Lọ́wọ́ òsì ni oko Bàbá Àjíṣafẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè tuntun, ebè rọ̀gọ̀dọ̀ rọ̀gọ̀dọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

Mùstàfá tẹ bíréèkì. Pẹ́dà rẹ̀ wọlẹ̀ láìkan nǹkan kan. Fọ̀! Ó tún tẹ̀ ẹ́. Fọ̀!

"Dẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́," Kòdúró wí.

"Kò dúró, ọ̀gá."

"Mo mọ orúkọ mi. Mo ní dẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́!"

"Mọ́tò ni mò ń wí, ọ̀gá! Kò dúró!"

Kọ̀rọ̀ náà ń bọ̀. Òsì ni kí wọ́n yà, bí ẹ̀mí bá máa wà. Mùstàfá ya ọkọ̀ díẹ̀ sí òsì, Kòdúró fi ẹnu ìbọn gún un létí.

"Kì í se ibẹ̀ yẹn! Ọ̀tún! Ọ̀tún!"

Dàda rí kòtò. Ó rí àpáta. Ẹ̀rù bà á dé ibi tí ẹ̀rù ń parí sí. Bó bá pe òsì, ọta á bá a kí àpáta tó bá a. Ó wá ọ̀rọ̀ mìíràn nínú orí rẹ̀, ó rí i.

"Ebè!" ó ké. "Mùstàfá, ebè! Ebè!"

"Ẹ̀bẹ̀ ò sí níbí!" Kòdúró yíjú sẹ́yìn. "Ìgbà wo lo rí olè tó ń gba ẹ̀bẹ̀?"

Ìgbà tó yíjú yẹn ni ìbọn kúrò létí Mùstàfá. Ọmọ àgbẹ̀ sì ni Mùstàfá, ó mọ ebè yàtọ̀ sí ẹ̀bẹ̀. Ó gbá ọwọ́ ọkọ̀ yí sí òsì tagbáratagbára.

Gbì! Gbì! Gbì! Gbì! Gbì!

Mọ́tò eré ìje ń gun ebè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gun òmíràn. Dàda ń forí gbá òkè, ó ń fìdí gbá ilẹ̀. Àwọn ebè náà ń ṣe iṣẹ́ tí bíréèkì kọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba díẹ̀ nínú eré rẹ̀, títí tí imú gígùn yẹn fi wọ inú ebè kan, gbọ̀ọ̀, ẹ́ńjìnnì sì kú.

Eruku rọlẹ̀. Dàda fọwọ́ kan orí, ó wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀, méjèèjì pé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì tijú.

Kòdúró ti gba ojú ilẹ̀kùn fò jáde, ebè gbé e mì dé àyà. Ó fa ara rẹ̀ yọ. Ìbọn rẹ̀ ti di èèbù iṣu nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n oǹdè wà nídìí. Ó dì í mú, ó ké sí afẹ́fẹ́ kó wá gbé òun.

Afẹ́fẹ́ ò wá. Abọ́sẹ̀dé ló wá.

Pàà!

Ìfọ́tí ọlọ́wọ́ òsì. Ó wá láti ibi tí Kòdúró ò ti retí rẹ̀, gbogbo ẹgba tí ìyá rẹ̀ nà án nítorí ọwọ́ yẹn ló sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá olè jókòó sílẹ̀ gbì. Ó rí ọwọ́ tó ń ti ṣẹkẹṣẹkẹ mọ́ ọn.

"Òsì," ó wí jẹ́jẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi ẹnu ara rẹ̀ pè é.

Abọ́sẹ̀dé yíjú, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ń fà jáde lẹ́yìn mọ́tò bí ìgbín láti inú ìkarahun. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń wá níbẹ̀? Mo rí òsì lórí tábìlì yín, mo rántí èéfín, mo mọ̀ pé kò ní lè dúró. Èmi ló ní kí wọ́n ṣí ọ̀nà fún un, kí kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ lè mú un!" Ó dì mọ́ ọn. Akíkanjú ọlọ́pàá ń sunkún láàárín ebè, Dàda náà sì tún bá a sun díẹ̀ sí i.

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Kòdúró jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún jù ni oǹdè. Ó ní àgbàlagbà tó ṣe é fún òun ò purọ́, torí ó ti kìlọ̀: kò sí ohun tó lè mú òun, àfi kí òun sọ́ra fún òsì, òsì nìkan ló máa mú òun.

Abọ́sẹ̀dé gbé bírò sílẹ̀. "Ará ibo ni bàbá náà?"

"Ará Ọ̀rà."

"Ará Ọ̀rà ń pe iṣu ní iṣu, bọ̀dá. Òṣì ló wí fún ọ. Ìwà òṣì. Ó ní kó o má jalè mọ́."

Mùstàfá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́wọ́, ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá Adébóyè wá mú mọ́tò rẹ̀. Ó rí ibi tó ti tẹ̀, ó fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ tó ti ilé ìwé ṣubú bọ̀. Lẹ́yìn náà ló dé ṣọ́ọ̀bù Dàda, ó ní òun gbọ́ pé àkàn kan ṣẹ́kù.

"Òsì ni, bàbá," Dàda wí. Ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ bàbá dáadáa bóyá ìbọn wà níbẹ̀.

"Òsì náà ni mò ń wá, ọmọ mi."

Ojú ẹsẹ̀ ni Bernice ti sáré lọ pe Abọ́sẹ̀dé, torí ìbúra ò kọ yúnífọ́ọ̀mù. Àárín títì ni sájẹ́ńtì ti jó o, àwọn oníkòkó ń pàtẹ́wọ́, ọkùnrin tó fi ìyàwó sílẹ̀ náà wà níbẹ̀, ìyàwó ò jẹ́ kó súnmọ́ ọn.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará Ìlá ti tún òwe wọn ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, wọ́n á ní Dàda ò lè jà, ó ní àbúrò ọlọ́wọ́ òsì.